Sún Mọ́ Mi

Obìnrin tó wá wọn aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò mọ̀ pé òun ń kọrin. Ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹyẹ tó ń sá ìyẹ́ sóòrùn, ó ń wo àwọn tó ń kọjá lójú títì. Ohùn tín-ín-rín kan ń gba imú rẹ̀ jáde, bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ tí oorun ń kùn. Aránṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó fẹ́ fi téèpù yí ikùn rẹ̀ ká, nítorí aboyún ni, aṣọ tó máa fẹ̀ ló wá rán. Téèpù dúró lágbedeméjì. Ọwọ́ tó mú un ló kọ̀ tí kò lọ mọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹnikẹ́ni kì í kọrin. Àwọn oníbàárà àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Rédíò ò sí níbẹ̀. Bí fóònù ẹnì kan bá ké, tó sì jẹ́ pé orin ló fi ṣe ìpè, Aránṣọ á gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ, á wo olúwarẹ̀ títí yóò fi wá ibi tẹ̀ ẹ́ pa. Wẹ́dà tó ń jó irin ní òdìkejì títì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin yìí nìkan ló gba àṣẹ láti dárin ládùúgbò. Aránṣọ kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà nímú aboyún yìí kì í ṣe ekòló. Ejò gan-an ni.

Orin náà ò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kankan. Kò sí rédíò tó ti gbé e jáde rí. Èèyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n láyé yìí. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìbákà nítorí ohùn rẹ̀. Ẹnì kejì ni Aránṣọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, yàrá tí wọ́n ń sùn máa ń jò bí ajere. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á to bàsíà àti garawa sí ilẹ̀, àwọn méjèèjì á sì ká jọ sí igun kan ṣoṣo tí omi kì í dé. Ìró omi tó ń kán sínú garawa ni Ìbákà fi ṣe ìlù. Ó kọrin lé e lórí, kí ẹ̀rù àrá má ba àbúrò rẹ̀:

*Òjò ń bọ̀, sún mọ́ mi,*
*Ilé ń jò, sún mọ́ mi,*
*Igun kan ló kù tí kò tutù,*
*Kékeré mi, sún mọ́ mi.*

Kékeré ni Ìbákà ń pe Aránṣọ. Kò sí ẹlòmíì tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Orin ò mọ ọdún. Bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ, ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló ń gbé e padà sí, bó fẹ́ bó kọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni imú Aránṣọ ti gbọ́ òórùn ẹní tútù àti ti ọṣẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń wẹ̀. Inú sì bí i. Inú bí i débi pé ó fi eyín tẹ ètè rẹ̀. Kí ló dé tí obìnrin tó sá lọ yẹn ò tíì jẹ́ kí òun sinmi?

Nítorí ohun tí wọ́n sọ ni pé Ìbákà sá lọ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ọkọ rẹ̀, ọ̀gá kan láàárín àwọn bíríkìlà, ló wá sí ilé bàbá wọn lọ́jọ́ kan pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ àti ojú tó pọ́n. Ó ní òun ti ibi iṣẹ́ dé, òun ò bá ìyàwó òun mọ́. Ó ní àwọn olórin kan kọjá ládùúgbò, ọ̀kan nínú wọn tó ń ta gìtá ló gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó mọ Ìbákà ló mi orí. Ṣé kì í ṣe òun ni? Ìbákà tó mọ orin ilé ìjọsìn, tó mọ orin ilé ọtí, tó ń bá àwọn tó ń polówó ọṣẹ nínú rédíò gbe ohùn? Wọ́n ní orin ló bà á jẹ́. Bàbá wọn, tó ní rẹ́kọ́ọ̀dù tó kún àpótí kan, kó gbogbo rẹ̀ síta, ó fẹsẹ̀ fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ ọmọ náà nínú ilé òun mọ́. Aránṣọ retí kí fóònù òun dún. Kò dún. Ìbínú rẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára bí sítáàṣì.

"Níbo lo ti gbọ́ orin yẹn?" ló béèrè wàyí, láti ẹ̀yìn aboyún náà.

"Orin wo, mà?"

"Èyí tó wà nímú ẹ."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Ẹ má bínú, mà. Ó ti mọ́ mi lára ni. Obìnrin kan ló máa ń kọ ọ́ lẹ́yìn ilé wa."

"Obìnrin wo?"

"Mi ò tíì rí i rí. Tí mo bá ń sá aṣọ, tàbí tí mo bá wà ní yàrá ẹ̀yìn, mo máa ń gbọ́ ọ. Mo rò pé ará ilé kejì ni." Ó yíjú sí Aránṣọ. "Àmọ́ ilé kejì ti ṣófo látìgbà tí mo ti débẹ̀."

"Kọ ọ́ fún mi."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ò fẹ́ orin nínú ṣọ́ọ̀bù yín, mà."

"Mo ní kí o kọ ọ́."

Obìnrin náà kọ ọ́. Òjò ń bọ̀, ilé ń jò, igun kan ló kù. Nígbà tó dé *Kékeré mi*, téèpù bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ. Ó rò pé yóò yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń parí. Ṣùgbọ́n aboyún náà mí sínú, ó tún mú un lọ síwájú, sí ibi tí Aránṣọ ò dé rí:

*Ilé tuntun kò jò, sún mọ́ mi,*
*Simẹ́ńtì tutù, sún mọ́ mi,*
*Ẹ̀yìn ògiri ò ní fèrèsé,*
*Kékeré mi, sún mọ́ mi.*

Níta, ọkọ̀ kan fọn fèrè kọjá.

"Kí ni iṣẹ́ ọkọ ẹ?" Ohùn Aránṣọ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Bíríkìlà ni, mà. Òun gan-an ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Bíríkìlà."

"Ṣé ó ti gbọ́ orin yìí lẹ́nu ẹ rí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó jọ pé ohun kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, mà. Mo ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Ó ń mu omi lọ́wọ́, ife já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ará ilé kejì ni. Kò bínú o. Ó kàn ń wò mí ṣáá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n já simẹ́ńtì síwájú ilé. Ó ní òun fẹ́ fi kún yàrá ẹ̀yìn, pé yàrá ọmọ ni. Ó ní kí n má tíì sọ fún àwọn ará ilé wa, pé òun fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, mà?"

Aránṣọ dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ẹkún ni èèyàn ì bá rò pé yóò kọ́kọ́ dé, àmọ́ ẹkún ò dé. Ohun tó dé gbóná. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gun orókún, ó gun àyà, nígbà tó fi máa dé ọrùn, etí rẹ̀ ti ń hó. Ó bọ́ síta, ó sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì, ó sì lọ gbé òòlù kan lórí tábìlì Wẹ́dà.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni Wẹ́dà béèrè.

"Ìwọ gbé èyí tó tóbi. Tẹ̀ lé mi."

Wẹ́dà fẹ́ ṣe àwàdà. Ó wo ojú rẹ̀, ó gbé àwàdà náà mì, ó sì gbé òòlù ńlá.

Ilé Ọ̀gá Bíríkìlà mọ́ tónítóní, wọ́n kùn ún ní funfun, kò sí ibi tó sán lára rẹ̀. Onítọ̀hún ò sí nílé. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, àpò simẹ́ńtì wà ní títò, búlọ́ọ̀kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti po yanrìn kan sílẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ẹni tó pò ó ò tíì jìnnà. Aboyún náà, tó ti bá wọn rìn láti ṣọ́ọ̀bù, ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ti yé e wàyí pé ohun burúkú kan ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ níwájú wọn, ó ń di ògiri mú.

Yàrá ẹ̀yìn kéré. Wẹ́dà, tó jẹ́ ẹni tó ń fi ojú wọn nǹkan, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo inú, ó padà lọ wo ìta láti ojú fèrèsé. "Àǹtí," ló wí jẹ́jẹ́, "yàrá yìí gùn níta ju bó ṣe gùn nínú lọ."

Aránṣọ gbé etí lé ògiri tó wà nípẹ̀kun. Ó tutù bí omi inú àmù. Kò gbọ́ nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró kan, tó, tó, tó, bí omi tó ń kán sínú garawa, ohùn Ìbákà sì tẹ̀ lé e. Ohùn náà ò gbọ̀n, kò sì dágbà. Bó ṣe wà ní kékeré ló ṣe wà. *Sún mọ́ mi.*

Wẹ́dà ò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà fún gbogbo ẹni tó bi í, ó sì fi ọmọ rẹ̀ búra. Ohun tó rí ni pé àwọn obìnrin méjèèjì, ọ̀kan tó fi etí lé ògiri, èkejì tó dúró láàárín yàrá, jọ ń mi orí sí ìwọ̀n kan náà.

"Kí lẹ ń wá nínú ilé mi?"

Ọ̀gá Bíríkìlà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Kò pariwo. Ọkùnrin tó dákẹ́ ni. Ariwo ò wù ú rí láyé rẹ̀. Nígbà tó dá Aránṣọ mọ̀, ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó sì tún pa dé.

"Àbúrò ìyàwó mi," ló wí. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀. Ògiri yẹn ló gbé òrùlé dúró."

Látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ẹ" ni Aránṣọ máa ń fún un. Bùrọ̀dá ló ń pè é. Ó ń kúnlẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ yìí, nígbà tó la ẹnu, "ẹ" ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ìwọ," ló wí. "O jókòó sórí àga bàbá mi. O sunkún. O jẹ́ kí ìyá tó bí bàbá wa kú pẹ̀lú èpè lẹ́nu sórí ọmọ tó wà níbí. O jẹ́ kí n kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ ní àárọ̀, mo kórìíra rẹ̀ ní alẹ́! Ìwọ, ìwọ tó ń jẹ tó ń mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀!"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ará àdúgbò."

Òòlù Aránṣọ ló dá a lóhùn. Ìkíní ò wọlé. Ìkejì wọlé. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú pẹ̀lú ṣọ́bìrì, Wẹ́dà sì dúró sáàárín, ó gbé òòlù ńlá lé èjìká. Ọkùnrin náà dúró. Nígbà tó yá, Wẹ́dà náà yíjú sí ògiri. Búlọ́ọ̀kù já, eruku funfun bo gbogbo yàrá, afẹ́fẹ́ tútù kan sì jáde bí ẹni tí ó ti mí sínú tipẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè mí síta.

Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, kò yẹ kí a ròyìn rẹ̀ tán. Aṣọ ni Aránṣọ fi dá a mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọrùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá òsì, Ìbákà sì ní kò burú, òun á máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Kò lè ṣe kó má kọrin," ni Ọ̀gá Bíríkìlà wí láti ẹ̀yìn wọn. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún oníbàárà. "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dákẹ́ fún mi lọ́jọ́ kan péré. Ó ní kò sí ohun tó burú nínú orin. Mo kàn fọwọ́ bò ó lẹ́nu ni."

Nígbà náà ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ògiri ti dákẹ́. Ìró omi ò sí, ohùn ò sí. Ìyàwó rẹ̀ gbé orí sókè bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnu Ọ̀gá Bíríkìlà là.

*Òjò ń bọ̀, sún mọ́ mi.*

Ohùn tirẹ̀ ni. Ó ha, kò dùn, ó sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ju ṣọ́bìrì nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Orin náà gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Wọ́n rí ojú rẹ̀ lókè ọwọ́ yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Aránṣọ rí ẹ̀rù lójú rẹ̀.

Bó ṣe ń kọrin báyìí ni àwọn ọlọ́pàá ṣe gbé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Aránṣọ wọlé tọ bàbá rẹ̀ lọ pẹ̀lú eruku lórí. Bàbá jókòó sínú àga, ó ń wo ògiri.

"Bàbá, a ti rí Ìbákà."

"Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má pe..."

"Inú ògiri ló wà. Ọkọ ẹ̀ ló pa á, ló mọ ògiri dí i. Kò lọ ibì kankan. Kò bá ẹnikẹ́ni lọ."

"Ọkùnrin yẹn sunkún níwájú mi," ni bàbá wí.

"Ẹ̀yin náà fún un ní aṣọ ìnujú yín! Ẹ ò bi í pé bàtà wo ló wọ̀ lọ. Ẹ ò bi í pé gìtá ta ni. Nítorí kí ni? Nítorí pé ó fẹ́ràn orin! Rẹ́kọ́ọ̀dù ta ló ń gbọ́ látìgbà tó ti wà nínú oyún, Bàbá? Ta ló ń gbé e jó lórí ẹsẹ̀ nínú pálọ̀ yìí? Ohun tí ẹ kọ́ ọ kó fẹ́ràn náà lẹ fi dá a lẹ́jọ́."

Ó retí kí bàbá bínú. Bó bá bínú, àwọn méjèèjì á jọ bínú, á rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin àgbà náà kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó yá mi lára láti gbà á gbọ́," ló wí. "Ìyẹn gan-an ló burú jù."

"Èmi náà," ni Aránṣọ wí, ó sì bọ́ síta nítorí kò lè fojú kan ara rẹ̀ lójú bàbá rẹ̀.

Wọ́n sin Ìbákà ní òwúrọ̀. Ìyàwó ilé funfun náà wá, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Ó dúró lókèèrè, ó fọwọ́ lé ikùn. Bàbá ò lè dúró, àga ni wọ́n gbé e lé. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti ṣe tán tí wọ́n ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù lọ́wọ́, Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ohùn rẹ̀ ti dípẹtà, ó já nígbà mélòó kan. Ó kọ ẹsẹ̀ ti òjò, ó kọ ẹsẹ̀ ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló kọ ìlà kan tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò gbọ́ rí, kódà ìyàwó náà. Orin yẹn kì í tán fúnra rẹ̀. Yíyí ló ń yí bí kẹ̀kẹ́, àfi bí ẹnì kan bá fi ìlà yìí dá a dúró. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Ìbákà kì í sọ ọ́. Kékeré ló ni ín. Òun ló máa ń tẹ́tí sí òrùlé, òun ló sì máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó tó.

*Òjò ti dá. Jẹ́ ká sùn.*

Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó wá wo ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní àwọn tó wà ní àtìmọ́lé pẹ̀lú rẹ̀ ti ń lu irin, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé àwọn lọ síbòmíì. Dókítà ti wò ó. Wọ́n ti fún un ní oògùn oorun. Ó sùn, ó sì ń kọ ọ́ lójú oorun.

Aránṣọ gbọ́ ọ kó tó dé ibẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà ti ya, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ irin lórí òkúta. Ó jókòó sílẹ̀ nídìí ọ̀pá irin, ètè rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí igun rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó fi eékún rìn wá. Ó ń wá àyè láàárín ìlà kan sí èkejì kó lè sọ̀rọ̀.

"*Ilé ń jò, sún mọ́ mi...* Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà... *Igun kan ló kù...* Ibo ló ti ń parí? Ó ní ibi tó ti ń parí. Mo mọ̀ pé ó ní in. Mo ń wá a, mi ò rí i... *Kékeré mi, sún mọ́ mi...* Ẹ kọ́ mi. Ìlà kan péré. Ẹ kọ́ mi, kí n dákẹ́."

Òun, tó fi ọwọ́ bo ẹnu èèyàn nítorí ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ló ń tọrọ ìdákẹ́jẹ́. Aránṣọ wò ó títí. Ó wá àánú nínú ara rẹ̀, ó wá a dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Kò rí i. Ìlà náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò ju èémí kan lọ.

Ó tẹ̀ síwájú títí ojú rẹ̀ fi kan irin, ọkùnrin náà sì na etí.

"Òjò ṣì ń rọ̀," ló wí fún un.

Ó sì bọ́ sínú oòrùn.